Ọba Tó Ń Jẹun Nídìí Tábìlì Ọ̀tá: Jehoiakini àti Òtítọ́ Ọlọ́run sí Israẹli

Ìwé Àwọn Ọba Kejì kò parí bí ènìyàn ṣe máa retí. A ti ka ìtàn Elijah àti Eliṣa, ti Hesekiah àti Josiah. A ti rí i bí iná ṣe jó tẹ́ḿpìlì, tí odi Jerusalemu sì wó lulẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo èyí, òǹkọ̀wé náà kò fi àsọtẹ́lẹ̀ kankan pa ìwé rẹ̀ dé, kò sì fi àdúrà pa á dé. Ó kàn sọ fún wa pé ọba kan tó ti wà nínú ìgbèkùn fún ọdún 37 pààrọ̀ aṣọ ẹ̀wọ̀n rẹ̀, ó jókòó sídìí tábìlì ọba Babeli, wọ́n sì ń fún un ní oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀ fi pin (2 Ọba 25:27-30). Ó parí síbẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn oníwàásù wa ń fò ẹsẹ̀ mẹ́rin yìí kọjá kí wọ́n lè tètè dé ibòmíràn.

A fẹ́ dúró lórí ọkùnrin náà. Jehoiakini ni orúkọ rẹ̀. Jeremiah a máa pè é ní Koniah tàbí Jekoniah. Nínú ìtàn rẹ̀ ni ìbéèrè kan wà tí ìgbàgbọ́ wa kò lè yẹ̀ sílẹ̀. Ọlọ́run bá Dafidi dá májẹ̀mú pé ilé rẹ̀ àti ìtẹ́ rẹ̀ yóò dúró títí láé. Ní ọjọ́ Jehoiakini ìtẹ́ náà mì, ọdún 11 lẹ́yìn rẹ̀ ó ṣófo. Bí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sí Israẹli bá lè já sí òfo bẹ́ẹ̀, ta ni yóò fọwọ́ sọ̀yà pé ọ̀rọ̀ Rẹ̀ sí Ìjọ kò ní já? Àwọn kan ti yanjú ìṣòro yìí nípa sísọ pé Ọlọ́run ti pa Israẹli tì, ó sì ti kó ogún wọn fún wa. Àwọn mìíràn yanjú rẹ̀ nípa wíwàásù pé ẹni tí Ọlọ́run bá dá májẹ̀mú pẹ̀lú kò lè pàdánù ohunkóhun. Ìtàn Jehoiakini kò gba ìkankan nínú méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ tí Natani jẹ́ fún Dafidi nínú 2 Samuẹli 7 ni ká kọ́kọ́ wò. Àwọn ará Jerusalemu fẹ́ràn apá kan nínú rẹ̀, èyí tó sọ pé ìtẹ́ náà yóò wà títí láé. Ṣùgbọ́n apá kejì wà níbẹ̀, ní ẹsẹ̀ 14: bí ọmọ Dafidi bá ṣẹ̀, Ọlọ́run yóò fi ọ̀pá ènìyàn nà án, àánú Rẹ̀ ni kò ní kúrò lára rẹ̀. Ọ̀pá àti àánú wà nínú májẹ̀mú kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdílé Dafidi jọba ní Jerusalemu fún nǹkan bí 400 ọdún, ó sì jọ pé bí ọdún ṣe ń gorí ọdún ni wọ́n ń gbàgbé ọ̀pá. Ẹni tó kọ Orin Dafidi 89 kò gbàgbé. Ó kọrin ìlérí náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ẹsẹ̀ 37, ó sì yíjú padà ní ẹsẹ̀ 38, ó ní Ọlọ́run ti ta ẹni òróró Rẹ̀ nù, ó ti ju adé rẹ̀ sílẹ̀. Kò fi ìlérí bo ìpọ́njú mọ́lẹ̀, kò sì fi ìpọ́njú sọ ìlérí di irọ́. Ó gbé méjèèjì síwájú Ọlọ́run, ó ń bi Í léèrè.

Ọdún 597 ṣáájú Kristi ni ọ̀ràn dé ojú rẹ̀. Jehoiakimu, ọba Juda, ti ṣọ̀tẹ̀ sí Nebukadnessari, ó sì kú kí ogun tó débẹ̀. Ọmọ rẹ̀ Jehoiakini, ọmọ ọdún 18, ni ó jẹ gbèsè tí bàbá dá. Oṣù mẹ́ta péré ni ó lò lórí ìtẹ́. Nígbà tí ogun Babeli yí ìlú ká, ó jáde tọ̀ wọ́n lọ, òun àti ìyá rẹ̀ Nehuṣta, àti àwọn ìránṣẹ́ àti àwọn ìjòyè rẹ̀. Wọ́n kó wọn lọ, wọ́n kó ìṣúra tẹ́ḿpìlì, wọ́n kó àwọn oníṣọ̀nà àti àwọn alágbẹ̀dẹ. Esekieli wà nínú ìgbèkùn yìí kan náà, a sì rí i pé láti ọdún tí wọ́n kó Jehoiakini lọ ni ó ti ń ka ọdún nínú ìwé rẹ̀ (Esekieli 1:2). Lójú rẹ̀, ẹni tó wà ní túbú Babeli ni ọba, kì í ṣe Sedekiah, arákùnrin bàbá rẹ̀, tí Nebukadnessari fi joyè ní Jerusalemu.

Kì í ṣe Bíbélì nìkan ló rántí ọjọ́ náà. Àwọn akọ̀wé Babeli a máa kọ ohun tí ọba wọn ṣe lọ́dọọdún sórí wàláà amọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn wàláà wọ̀nyí, tí D. J. Wiseman tẹ̀ jáde ní 1956, wà ní ilé ìkó-ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti Britain ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó sọ pé ní ọdún keje Nebukadnessari, ọba dó ti ìlú Juda, ó gba ìlú náà ní ọjọ́ kejì oṣù Adari, ó mú ọba ibẹ̀, ó yan ọba mìíràn tó wu ọkàn rẹ̀, ó sì gba owó òde tó pọ̀. Nípa ìṣirò àwọn onímọ̀, ọjọ́ náà bọ́ sí ọjọ́ 16 oṣù Kẹta ọdún 597. Ṣùgbọ́n akọ̀wé náà kò dárúkọ ọba tí wọ́n mú, kò sì dárúkọ èyí tí wọ́n fi jẹ. Ní ojú Babeli, ọmọdékùnrin kan láti ìlú kékeré kan lórí òkè ni.

Ọ̀rọ̀ Jeremiah nípa rẹ̀ le ju ti Babeli lọ. Ní orí 22, Olúwa sọ pé bí Koniah tilẹ̀ jẹ́ òrùka èdìdì ní ọwọ́ ọ̀tún Òun, Òun yóò bọ́ ọ kúrò níbẹ̀. Òrùka èdìdì kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ lásán. Òun ni ọba fi ń tẹ ìwé àṣẹ. Ibi tí òrùka bá dé, ọ̀rọ̀ ọba ti débẹ̀. Bí a bá bọ́ irú òrùka bẹ́ẹ̀ dànù, ọba ti gba àṣẹ rẹ̀ padà nìyẹn. Olúwa tún ní kí wọ́n kọ ọkùnrin náà sílẹ̀ bí aláìlọ́mọ, nítorí kò sí ọ̀kankan nínú irú-ọmọ rẹ̀ tí yóò jókòó sórí ìtẹ́ Dafidi. Ẹ fi òrùka yìí sọ́kàn, a máa padà bá a.

Nígbà náà ni Hananiah dìde. Ìtàn rẹ̀ wà ní Jeremiah 28, a sì rò pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni parí ẹ̀kọ́ nípa ìṣòtítọ́ Ọlọ́run láìjókòó ti orí náà. Ní ọdún kẹrin Sedekiah, Hananiah dúró nínú tẹ́ḿpìlì níwájú àwọn àlùfáà àti gbogbo ènìyàn, ó kéde pé Olúwa ti ṣẹ́ àjàgà ọba Babeli, pé kí ọdún méjì tó pé, ohun èlò tẹ́ḿpìlì yóò padà, Jekoniah náà yóò sì padà wálé. Ohun tó yà wá lẹ́nu ni pé Jeremiah kọ́kọ́ dáhùn pé Àmín. Ó fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀! Jeremiah kò fẹ́ràn ìgbèkùn ju Hananiah lọ. Ṣùgbọ́n Hananiah já àjàgà igi kúrò lọ́rùn Jeremiah, ó ṣẹ́ ẹ, Olúwa sì ránṣẹ́ pé igi ni ó ṣẹ́, irin ni yóò rọ́pò rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún náà, Hananiah kú.

Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ Hananiah? Kò wàásù òrìṣà. Orúkọ Olúwa ni ó fi sọ̀rọ̀, ìlérí Olúwa ni ó sì dì mú. Pé ohun èlò tẹ́ḿpìlì yóò padà, òótọ́ ni. Wọ́n padà ní ìgbà Kirusi (Esra 1:7-11). Ohun tí Hananiah ṣe ni pé ó yọ ọ̀pá kúrò nínú májẹ̀mú, ó fi àánú nìkan sílẹ̀, ó sì fi ọjọ́ lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ ọdún tuntun ní àwọn ilé ìjọsìn wa yóò mọ̀ pé Hananiah kò tíì kú tán. Àwa Pẹ́ńtíkọ́sì gbà pé Ẹ̀mí Mímọ́ ń sọ̀rọ̀ títí dòní, a kò sì ní tìtorí Hananiah pa àsọtẹ́lẹ̀ rẹ́. Ṣùgbọ́n wòlíì tó bá mọ ìlérí Ọlọ́run tí kò mọ ìbáwí Rẹ̀, ìdajì Ọlọ́run ni ó mọ̀.

Lẹ́tà tí Jeremiah kọ sí Babeli ní orí 29 ni ìdáhùn sí irú ìwàásù bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n gbéyàwó fún ọmọ wọn, kí wọ́n máa gbàdúrà fún àlàáfíà ìlú tí a kó wọn lọ. Ọdún 70 ni. Ẹsẹ̀ 11 inú lẹ́tà yìí wà lórí kàlẹ́ńdà, lára ọkọ̀ àti lára ògiri pálọ̀ ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kàn rántí pé púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ kà á fún ni kò ní padà fojú kan Jerusalemu mọ́. Àwọn àgbàlagbà inú wọn yóò kú sí Babeli pẹ̀lú ìlérí náà lọ́wọ́, òótọ́ ni ìlérí náà síbẹ̀.

Báyìí, kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí Jehoiakini fúnra rẹ̀ ní gbogbo ọdún wọ̀nyí? Bíbélì dákẹ́, amọ̀ Babeli kò dákẹ́. Láti 1899 dé 1917, awalẹ̀pìtàn ará Jámánì kan, Robert Koldewey, wú ilẹ̀ Babeli àtijọ́ ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Ìráàkì lónìí. Nínú àwọn yàrá ìsàlẹ̀ ààfin Nebukadnessari ni wọ́n ti rí ọ̀pọ̀ wàláà tí àwọn olùtọ́jú ìṣúra fi ń ṣe àkọsílẹ̀ òróró àti oúnjẹ tí wọ́n ń pín fún àwọn àlejò, àwọn oníṣẹ́ àti àwọn ìgbèkùn. Wọ́n gbé wọn lọ sí Berlin. Ní 1939, Ernst Weidner tẹ ohun tó rí nínú díẹ̀ lára wọn jáde. Orúkọ kan wà níbẹ̀: Ya'ukinu, ọba ilẹ̀ Yahudu. Jehoiakini wa náà ni.

Kì í ṣe orin ìyìn ni wàláà náà, kì í ṣe ìtàn pàápàá. Ìwé ìṣirò ni, bí èyí tí alákòóso ilé oúnjẹ ilé-ìwé máa ń tọ́jú. Lágbájá, ìwọ̀n òróró báyìí. Tàmẹ̀dù, ìwọ̀n òróró báyìí. Àwọn ará Askeloni wà níbẹ̀, àwọn ará Tire, àwọn ará Egipti, àwọn ará Media. Láàárín wọn ni wọ́n kọ ìpín ọba Juda sí, èyí tó pọ̀ ju ti àwọn tó yí i ká lọ dáadáa. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n kọ pé sila méjì àti ààbọ̀ jẹ́ ti àwọn ọmọkùnrin ọba Juda márùn-ún. Sila kan sún mọ́ lítà kan. Àwọn ọkùnrin Juda mẹ́jọ gba sila mẹ́rin, ìdajì sila fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú àwọn wàláà wọ̀nyí jẹ́ ti ọdún 592, ọdún karùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n kó o lọ. Nígbà náà Jehoiakini jẹ́ ẹni ọdún 23 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀.

Ọmọ márùn-ún! Ọkùnrin tí Jeremiah ní kí wọ́n kọ sílẹ̀ bí aláìlọ́mọ, akọ̀wé kèfèrí kan kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọkùnrin márùn-ún. Àwọn kan lè yára sọ pé ọ̀rọ̀ Jeremiah kò ṣẹ. Ṣùgbọ́n Jeremiah fúnra rẹ̀ mẹ́nu ba irú-ọmọ Koniah nínú ọ̀rọ̀ kan náà (22:28), nítorí náà kì í ṣe pé kò ní bímọ ni ó ń sọ. Aláìlọ́mọ ni ó jẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ìtẹ́. 1 Kronika 3:17-18 tún ka àwọn ọmọ rẹ̀ fún wa lórúkọ, Ṣealtieli àti Pedaiah wà lára wọn. Ohun tó gbá wa lọ́kàn jù ni ẹni tó ń bọ́ wọn. Nebukadnessari rò pé òun ń tọ́jú ìgbèkùn òun, ó sì lè jẹ́ pé ó fẹ́ fi wọ́n dẹ́rù ba Sedekiah. Ilé Dafidi, tí gbogbo ìlérí Ọlọ́run fún Israẹli so mọ́, ń dàgbà sí i nínú ààfin ẹni tó fẹ́ pa á run, owó ìṣúra Babeli ni wọ́n sì fi ń ra òróró wọn. Nígbà tí à ń sọ pé Ọlọ́run ni Ọba Aláṣẹ, irú èyí ni a ní lọ́kàn. Kò gba ìdá lọ́wọ́ Nebukadnessari. Ó jẹ́ kí ó ṣe ohun tó wu ú, ìfẹ́ Tirẹ̀ náà sì ń lọ lábẹ́ rẹ̀.

Nebukadnessari kú ní 562. Ọmọ rẹ̀, tí Bíbélì pè ní Efili-merodaki, tí àwọn ará Babeli ń pè ní Amel-Marduk, tú Jehoiakini sílẹ̀ ní ọdún tó jọba. Ọkùnrin náà ti di ẹni ọdún 55. Efili-merodaki kò pẹ́ lórí oyè: ní 560 ni Neriglissar, ọkọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ obìnrin, gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì pa á. Inúure rẹ̀ sí ọba Juda jẹ́ ọ̀kan nínú ìwọ̀nba ohun tí ayé fi rántí rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ Májẹ̀mú Láéláé ti jiyàn púpọ̀ lórí ìdí tí Ìwé Àwọn Ọba fi parí síbí. Martin Noth, ní 1943, sọ pé òpin ìtàn lásán ni. Pé òǹkọ̀wé náà ti gbà pé ọ̀rọ̀ Israẹli ti tán, ó kàn kọ ohun tó gbọ́ kẹ́yìn. Gerhard von Rad kò gbà. Lójú tirẹ̀, ẹ̀tù kékeré kan ni, tí ó ń jó lórí ìlérí Natani. A fara mọ́ von Rad, ṣùgbọ́n kì í ṣe títí dé òpin. Òǹkọ̀wé náà kò sọ pé Olúwa rántí Dafidi. Kò dárúkọ Olúwa rárá nínú ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìtẹ́ tí ó fún Jehoiakini ga ju ti àwọn ọba yòókù tó wà ní Babeli lọ, ṣùgbọ́n ní Babeli náà ló wà. Ohun tí òǹkọ̀wé rí ni ó kọ. Ọ̀pá ṣì wà lẹ́yìn ọkùnrin náà, oúnjẹ sì wà níwájú rẹ̀. Ẹni tó bá mọ 2 Samuẹli 7 yóò ka ìyókù fúnra rẹ̀.

Nípa Kirusi, a kò ní pẹ́ níbẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùkàwé wa ti mọ̀ ọ́n. Ní 539 ó gba Babeli. Ó fún àwọn Juu láyè láti padà lọ kọ́ tẹ́ḿpìlì. Isaiah 45 pe kèfèrí yìí ní ẹni òróró Olúwa, ó sì fi kún un pé kò mọ Ẹni tó ń pè é. Ní 1879, Hormuzd Rassam wú amọ̀ kan jáde ní Babeli tí Kirusi fi sọ ìtàn ìṣẹ́gun rẹ̀. Marduku, òrìṣà Babeli, ni ó ní ó yan òun, kò sì mẹ́nu ba Juda níbẹ̀. Àwọn kan ń gbé amọ̀ yìí jáde lórí pẹpẹ bí ẹ̀rí pé Kirusi jẹ́wọ́ Olúwa. Kò jẹ́wọ́ Rẹ̀ níbẹ̀, ohun tí Isaiah sì sọ gan-an nìyẹn: kò mọ̀ Ọ́n.

Lára àwọn tó padà wálé ni Serubbabeli, ọmọ ọmọ Jehoiakini. Hagai àti Esra pè é ní ọmọ Ṣealtieli. 1 Kronika 3:19 pè é ní ọmọ Pedaiah, arákùnrin Ṣealtieli. Ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ṣíṣú opó, bí òfin Mose ṣe là á sílẹ̀, tí ọmọ tí arákùnrin bí yóò fi jẹ́ orúkọ ẹni tó kú. Àṣà yìí kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Gómìnà ni Persia fi Serubbabeli jẹ lórí Juda, kì í ṣe ọba. Ní ọdún kejì Dariusi, ìyẹn 520, ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án, ọ̀rọ̀ Olúwa tọ Hagai wá pé kí ó lọ bá gómìnà yìí. Ohun tó sọ fún un wà ní ẹsẹ̀ tó gbẹ̀yìn nínú ìwé Hagai: Olúwa yóò mú Serubbabeli, yóò sì ṣe é bí òrùka èdìdì, nítorí Òun ti yàn án.

Òrùka tí a bọ́ kúrò lọ́wọ́ bàbá àgbà ni Olúwa ń fi ọmọ ọmọ ṣe. Kò sí bí Hagai kò ṣe ní mọ ohun tí Jeremiah sọ. Ṣé Ọlọ́run yí ọ̀rọ̀ Rẹ̀ padà ni? Àwọn rábì àtijọ́ sọ pé Jehoiakini ronú pìwà dà nínú túbú, pé ìgbèkùn fúnra rẹ̀ ṣe ètùtù fún un. Ó wà nínú Talmudu, ní Sanhedrin. Irenaeus, bíṣọ́ọ̀bù Lyons, tó kọ̀wé ní nǹkan bí ọdún 180, kò gbà pé ègún náà kúrò. Ó ní nítorí ègún náà gan-an ni Jésù kò fi lè jẹ́ ọmọ Josẹfu nípa ti ara, kí Ó tó lè jọba. A bọ̀wọ̀ fún Irenaeus, ṣùgbọ́n Luku 3:27 pẹ̀lú ka Ṣealtieli àti Serubbabeli mọ́ ìran Olúwa wa, ní ọ̀nà mìíràn, nítorí náà ọ̀rọ̀ kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwa rí ni pé ọ̀rọ̀ méjèèjì dúró. Kò sí ọmọ Jehoiakini kankan tó padà jókòó sórí ìtẹ́ ní Jerusalemu. Serubbabeli kò dé adé, àwọn ọmọ rẹ̀ náà kò dé e. Jeremiah sọ òótọ́. Òrùka sì padà sí ọwọ́ Ọlọ́run. Hagai náà sọ òótọ́.

A ti pẹ́ lórí ìtàn yìí nítorí ohun tí Ìjọ fi Israẹli ṣe lẹ́yìn náà. Ní nǹkan bí ọdún 140, Marcion ará Sinope dé Romu, ó ń kọ́ni pé Ọlọ́run Israẹli kì í ṣe Baba Jésù Kristi. Ìjọ lé e jáde, ó dì Májẹ̀mú Láéláé mú. Ó ṣeni láàánú pé púpọ̀ nínú àwọn tó bá Marcion jà di ìwé náà mú, wọ́n sì jẹ́ kí àwọn tó ni ín bọ́ lọ́wọ́ wọn. Justin Ajẹ́rìíkú, nígbà tó ń bá Trypho tí í ṣe Juu fọ̀rọ̀ wérọ̀, sọ pé àwa Kristẹni ni Israẹli tòótọ́. Augustine, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún karùn-ún, kọ́ni pé kí a má ṣe pa àwọn Juu, pé Ọlọ́run tú wọn ká kí wọ́n lè máa gbé ìwé tó jẹ́rìí Kristi kiri. Ẹ̀kọ́ yẹn dáàbò bò wọ́n díẹ̀, ó sì sọ wọ́n di ẹlẹ́rù ìwé fún ẹlòmíràn. England lé wọn jáde ní 1290, Spain ní 1492. Ní 1543 Martin Luther, ẹni tó kọ́ ayé ní oore-ọ̀fẹ́, kọ ìwé tó ní kí wọ́n dáná sun sínágọ́gù wọn. Ẹni tó bá gbà pé Ọlọ́run ti bọ́ òrùka náà dànù pátápátá kò ní rí ohun tó burú nínú títẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, J. N. Darby àti àwọn tó tẹ̀lé e dìde, wọ́n ní ìlérí Ọlọ́run sí Israẹli kò tíì yẹ̀. Bíbélì Scofield ti 1909 gbé ẹ̀kọ́ náà káàkiri, ọ̀pọ̀ ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì sì gbà á. Wọ́n tọ̀nà pé ìlérí kò yẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti gba ibẹ̀ dé ibi tí wọ́n fi rò pé òtítọ́ Ọlọ́run sí Israẹli túmọ̀ sí pé gbogbo ohun tí ìjọba kan tó ń jẹ́ Israẹli bá ṣe ni Ọlọ́run fọwọ́ sí. Jeremiah ì bá bi wọ́n léèrè inú Bíbélì wo ni wọ́n ti kà á. Òun tó gbàgbọ́ nínú ìlérí náà ju ẹnikẹ́ni lọ ni wọ́n jù sínú kòtò ẹlẹ́rẹ̀, nítorí ó bá ọba àti ìjòyè wí.

Ìwé Romu wà lára àwọn ìwé Bíbélì tí Samuel Ajayi Crowther kọ́kọ́ túmọ̀ sí èdè wa. 1850 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ mọ ìgbèkùn lára, nítorí wọ́n ti kó òun náà lẹ́rú rí, ní 1821. Nínú orí 11, Paulu ń bá àwọn Kèfèrí sọ̀rọ̀ bí ẹ̀ka igi ólífì ìgbẹ́ tí a lọ́ mọ́ igi ólífì rere. Ó ní kí wọ́n má ṣe ṣògo sí àwọn ẹ̀ka tí a ṣẹ́, nítorí gbòǹgbò ló ń gbé ẹ̀ka ró. Ó ní Ọlọ́run lè tún àwọn ẹ̀ka náà lọ́ mọ́ igi wọn. Ó ní ẹ̀bùn àti ìpè Ọlọ́run kò ní ìyípadà. Nínú orí kan náà ni ó ti kọ nípa oore Ọlọ́run àti ìkáàánú Rẹ̀ sí ẹnì kan, àti nípa bí Ó ṣe le sí ẹlòmíràn. Ọ̀pá àti àánú náà nìyẹn, bí Natani ṣe jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Paulu kò rí bí a ṣe lè ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, ó sì sunkún lórí àwọn ará rẹ̀ (Romu 9:1-5) ju bí ọ̀pọ̀ ìwàásù wa lórí Israẹli ṣe ń sunkún lọ.

Matteu ni ó parí ìtàn tí Ìwé Àwọn Ọba fi sílẹ̀ nídìí tábìlì Babeli. Ó ka ìran Jésù ní ọ̀wọ́ mẹ́ta, ibi tó sì fi ṣe ààlà láàárín ọ̀wọ́ kejì àti ìkẹta ni ìgbà ìkólọ sí Babeli, pẹ̀lú orúkọ Jekoniah. Kò fi í pamọ́, kò sì kó ẹ̀gàn rẹ̀ kúrò. Ó kọ Jekoniah, ó kọ Ṣealtieli, ó kọ Serubbabeli. Lẹ́yìn Serubbabeli, orúkọ mẹ́sàn-án tẹ̀léra, láti Abiudu dé Jakọbu, tí Ìwé Mímọ́ kò sọ ohun kan ṣoṣo nípa ayé wọn: kò sọ ibi tí wọ́n gbé, kò sọ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, kò sì sí wòlíì kankan tó wá sọ fún ọ̀kankan wọn pé òrùka èdìdì ni. Wọ́n kàn bí ọmọ, ọmọ náà bí ọmọ, títí ó fi kan gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní Nasareti.